Láti Highgate dé Hampstead: a rìn kiri ilé ọtí tí òkú ìfẹ́ ń gbé

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ pé mo máa kọ ọ̀rọ̀ ìrìn tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin rìn lápá àríwá Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀rọ̀ náà kàn ń jà lọ́kàn mi ni, ẹ jẹ́ n kọ ọ́ kí ọkàn mi lè balẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé níbí á ti mọ̀ nípa irú ẹ̀. Tí òtútù bá ti ń wọlé tílẹ̀ sì ti ń tètè ṣú, àwọn èèyàn á kóra wọn jọ, wọ́n á máa ti pọ́ọ̀bù kan bọ́ sí òmíràn, ibi tí wọ́n bá ti dúró ẹnì kan á sọ ìtàn òkú tó ń gbé ibẹ̀, wọ́n á mu bíà, wọ́n á pariwo, ó di ibi tó kàn. Tẹ́ ẹ bá wá fara balẹ̀ gbọ́ àwọn ìtàn yẹn, ẹ máa rí i pé ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ló pọ̀ jù nínú wọn. Ẹni tí wọ́n já jù sílẹ̀, ẹni tí àfẹ́sọ́nà ẹ̀ kú, ọkùnrin méjì tó ń du obìnrin kan.

A ò tẹ̀ lé ẹgbẹ́ kankan, a ò sì sanwó fún ẹnikẹ́ni pé kó mú wa kiri. Mo kàn mú ilé mẹ́ta tí ẹsẹ̀ lè gbé èèyàn dé láàárín ọ̀sán sí alẹ́: The Flask ní Highgate, Spaniards Inn létí Hampstead Heath (pápá ńlá kan tó ní igbó nínú), àti Magdala ní South Hill Park. Ẹ̀gbọ́n mi kì í mutí, kò tiẹ̀ fẹ́ gbọ́ òórùn ẹ̀, àmọ́ tó bá ti di ìtàn òkú, ẹ wá pè é. Ìbàdàn ló ti wá kí wa, ilé ìyá wa àgbà níbẹ̀ náà la sì ti gbọ́ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ títí, débi pé kò sẹ́ni tó jẹ́ dá jáde lọ tọ̀ lóru nínú wa.

Flask la kọ́kọ́ dé. Orí òkè ni Highgate wà o, tí orúnkún bá ń dùn yín ẹ má fẹsẹ̀ gùn ún láti Archway, bọ́ọ̀sì 210 ń gòkè. Ilé àtijọ́ ni, bíríkì pupa, àwọn yàrá kéékèèké tó wọnú ara wọn, àjà ẹ̀ wálẹ̀ débi pé ẹni tó bá ga á fẹ́ tẹrí ba. Wọ́n gbé tábìlì síta fáwọn tí òtútù ò bà lẹ́rù. Bíà ìlàjì ni mo gbà, ẹ̀gbọ́n mi gba tíì, a sì jókòó sí kọ̀rọ̀ kan tí pákó ẹ̀ ti dúdú, téèyàn bá fọwọ́ ra etí tábìlì náà, ó ń dán bí ìdí abọ́ tó ti pẹ́ lójú iná.

Ìtàn ibẹ̀ rèé. Wọ́n ní ọmọbìnrin ará Sípéènì kan ń gbé ọtí fún oníbàárà níbẹ̀ láyé ọjọ́un, ọkàn ẹ̀ wá fà sí ọkùnrin tí kò yẹ kó fà sí, àwọn kan ní ọ̀gá tó ni ilé ọtí náà gan-an ni, ọ̀rọ̀ ọ̀hún dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́, ló bá lọ pokùn so nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń kó àgbá ọtí sí. Látìgbà náà, wọ́n ní iná a máa mì fúnra ẹ̀, ife á kúrò níbi tí wọ́n gbé e sí, òtútù á ṣàdédé kọ lu èèyàn nígbà tí kò sẹ́ni tó ṣílẹ̀kùn.

Mo bi ọmọkùnrin tó gbé ọtí fún wa pé kí lorúkọ ọmọbìnrin náà. Ó ronú sí i, ó ní òun ò mọ̀. Ó yíjú bi ẹnì kejì ẹ̀ tó ń nu ife, ìyẹn náà ò mọ̀. Ọdún wo ló kú? Kò sẹ́ni tó lè sọ. Ọkùnrin tó já a kulẹ̀ ńkọ́, ṣé ìyàwó wà nílé ẹ̀ ni àbí kò kàn fẹ́ ẹ? Ìtàn ọ̀hún ò débẹ̀. Ohun tí gbogbo wọn mọ̀ ò ju pé ará Sípéènì ni, pé ó kú, àti pé ó ń mi iná. Kò dùn mọ́ mi nínú rárá. Tó bá jẹ́ pé ẹnì kan wà bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ìyá kan ló bí i, ó ní orúkọ tí wọ́n fi ń pè é wá jẹun, gbogbo ìyẹn sì ti pòórá, ó ku okùn.

Ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́ títí, ló bá béèrè ohun kan tí mi ò gbọ́ rí lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Ìwọ, kí ló wá ń dúró ṣe níbẹ̀? Ibi tí wọ́n ti bà á lọ́kàn jẹ́ náà ló tún ń gbé?"

Mo ní, "Àǹtí mi, bí òkú tiwọn ṣe ń ṣe nìyẹn, ibi tí wọ́n bá kú sí ni wọ́n ń so mọ́."

Ó ní, "Kò dáa. Ó kú tán, kò kúrò níbi iṣẹ́."

Òótọ́ ni! Ẹ wo àkúdàáyà tiwa. Ẹni tí ọjọ́ ikú ẹ̀ ò tíì pé, tó kú ikú àìtọ́jọ́, kì í jókòó ti ibi tí wọ́n ti pa á. Á kẹ́rù ẹ̀ lọ sí ìlú tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ ọ́n, á gba yàrá, á máa ṣòwò, á fẹ́yàwó, á bímọ, á máa lo ọjọ́ ayé tó ṣẹ́ kù fún un. Èyí tí ìyá wa àgbà máa ń sọ jù ni ti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó kú nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n ṣe ìdána ẹ̀, wọ́n sin ín, wọ́n sunkún, ọ̀rọ̀ tán. Ọdún gorí ọdún, ìyá aláṣọ kan láti àdúgbò wọn gbọ́jà lọ sí Kùmásí, ló bá rí i níwájú ìsọ̀, ó ń wọn ìlẹ̀kẹ̀ fún oníbàárà. Ìyá yẹn fi oríkì ẹ̀ kí i. Ó dá a lóhùn o, ó dọ̀bálẹ̀, ó béèrè àlàáfíà ilé, ó ní kí ìyá jọ̀ọ́ jókòó kí òun lọ mú omi wá láti inú ilé. Kò jáde mọ́ títí dòní. Ìyàwó ẹ̀ ń pè é láti yàrá dé ẹ̀yìnkùlé, ọmọ wà lẹ́yìn ẹ̀.

Ìyá àgbà á wá dákẹ́ síbẹ̀. Ó ní ẹni tó yẹ ká káàánú ni ìyàwó Kùmásí yẹn, torí òkú ló fẹ́ láìmọ̀, ó sì fẹ́ràn ẹ̀ tọkàntọkàn. Nínú ìtàn tiwa ìfẹ́ kì í ṣe ohun tó pa òkú, ìfẹ́ lohun tó padà wá jẹ, alààyè ló sì ń ru ìyà ẹ̀. Mi ò mọ èyí tó le jù nínú méjèèjì, àmọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. A sọ ọ́ títí tíì fi tutù.

Láti Highgate téèyàn bá gba Hampstead Lane, ẹ máa kan ẹnu ọ̀nà Kenwood, ilé ńlá àwọn olówó àtijọ́, kẹ́ ẹ tó dé Spaniards. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ yà o, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń wọlé ẹ̀. Ibẹ̀ ni Dido Elizabeth Belle dàgbà sí. Ọdún 1761 ni wọ́n bí i, Maria Belle ìyá ẹ̀ jẹ́ ọmọ Áfíríkà tí wọ́n sọ di ẹrú, bàbá ẹ̀ John Lindsay jẹ́ ọ̀gá nínú ọkọ̀ ojú omi ológun, ó sì gbé ọmọ náà wá fún ẹbí ẹ̀ Lord Mansfield, adájọ́ àgbà ilẹ̀ England, òun àti ìyàwó ẹ̀ ló tọ́ ọ. Mansfield yìí náà ló dá ẹjọ́ Somerset ní 1772, pé olówó ẹrú ò lágbára láti fi tipá gbé ẹrú jáde kúrò ní England. Nígbà tó sì ń ṣe ìwé ìhágún ẹ̀, ó rí i dájú pé òun kọ ọ́ síbẹ̀ pé òmìnira ni Dido.

Àwọn kan máa ń sọ ọ̀rọ̀ Lindsay àti Maria Belle bí ìtàn ìfẹ́. Mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin tó ní ọkọ̀ ogun àti ìbọn lọ́wọ́, àti obìnrin tí wọ́n kà mọ́ ẹrù, níbo ni ìfẹ́ á gbà wọlé? Kó fẹ́ kó má fẹ́, kò sẹ́ni tó bi í. Àmọ́ Dido fúnra ẹ̀ fẹ́ John Davinier ní 1793, ó bímọ ọkùnrin mẹ́ta, ó kú ní 1804. Kò sẹ́ni tó ń sọ pé òkú ẹ̀ ń rìn ní Kenwood, mo sì dúpẹ́ fún ìyẹn.

Spaniards Inn ò jìnnà síbẹ̀. Wọ́n ní láti 1585 nilé náà ti wà, ilé kékeré tí wọ́n ti ń gba owó oníbodè láyé àtijọ́ sì wà ní òdìkejì ẹ̀, àwọn méjèèjì há ọ̀nà mọ́ àárín débi pé mọ́tò kan ní láti dúró kí èkejì kọjá, ẹ máa ṣọ́ra tẹ́ ẹ bá ń sọdá. Ohun tó so ó pọ̀ mọ́ Kenwood ni pé ní 1780, nígbà rògbòdìyàn Gordon tí wọ́n fi ń bínú sí àwọn ọmọ ìjọ Kátólíìkì ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn jàǹdùkú ti sun ilé Mansfield tó wà láàárín ìlú, wọ́n sì ń bọ̀ wá sun Kenwood náà, ni baálé ilé ọtí yìí bá ń bu ọtí fún wọn, ó ń bù ú, ó ń bù ú, títí àwọn sójà fi dé. Ọtí lásán ló gba ilé náà là, Dido náà sì ń gbé ibẹ̀ lásìkò yẹn.

Òkú tó pọ̀ jù ní ẹnu àwọn èèyàn níbẹ̀ ni ti Dick Turpin olè ojú pópó àti ẹṣin ẹ̀, ìyẹn ò kan ìfẹ́, York ni wọ́n sì ti so ó kọ́ ní 1739, ẹ jẹ́ n fi sílẹ̀. Ti ìfẹ́ tibẹ̀ ni ti tẹ̀gbọ́n tàbúrò méjì ará Sípéènì tí wọ́n ní àwọn ló ni ilé náà nígbà kan, Francesco àti Juan, tí ọkàn àwọn méjèèjì fà sí obìnrin kan ṣoṣo. Wọ́n yọ idà sí ara wọn, Juan kú. Wọ́n tún ń sọ ti obìnrin aláṣọ funfun kan tó máa ń gba inú ọgbà kọjá. Ṣé obìnrin tí wọ́n torí ẹ̀ jà ni, àbí ẹlòmíì, wọn ò sọ. A jẹ ẹja díndín àti ọ̀dùnkún níbẹ̀, iná ń jó nínú ààrò, ó gbóná, ó tù wá lára, mo sì ń wò ó pé orúkọ ọkùnrin méjèèjì ò sọnù, tó fi mọ́ ti ẹṣin Turpin pàápàá, Black Bess. Obìnrin tí wọ́n torí ẹ̀ para wọn ò lórúkọ.

Ìyẹn ló rán mi létí Bishopsgate, níwájú Liverpool Street Station, níbi tí pọ́ọ̀bù kan tó ń jẹ́ Dirty Dick's wà. Kò sí lójú ọ̀nà wa lọ́jọ́ yẹn, mo kàn sọ ìtàn ẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi bá a ṣe ń la Heath kọjá ni. Nathaniel Bentley lorúkọ ọkùnrin náà, oníṣòwò ní Leadenhall Street, ọ̀gbẹ́ni tó mọ aṣọ wọ̀ tí gbogbo ìlú ń wò. Ìtàn sọ pé ọmọge tó fẹ́ fi ṣaya kú nígbà tí ìgbéyàwó ku ọ̀la. Wọ́n ti tẹ́ tábìlì àsè. Bentley ti ilẹ̀kùn yàrá ọ̀hún pa pẹ̀lú oúnjẹ àti òdòdó nínú ẹ̀, kò ṣí i mọ́ láyé, kò wẹ̀ mọ́, kò fọṣọ, kò gbálẹ̀, ológbò á kú sínú ilé kò ní gbé e. Ó kú ní nǹkan bí 1809, ilé ọtí Bishopsgate sì padà wá gba orúkọ tí wọ́n fi ń bú u, wọ́n kó ẹrù ìdọ̀tí wá síbẹ̀ fún àwọn èèyàn láti máa wò. Èmi ò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún mi pé òkú Bentley ń rìn. Ó ti di òkú tó ń rìn nígbà tó wà láàyè. Àmọ́ ẹ wò ó, òun náà lorúkọ, ó lórúkọ ìnagijẹ, ó ní ilé ọtí. Ìyàwó tó kú ńkọ́? Àfẹ́sọ́nà ẹ̀ ni wọ́n ń pè é nínú ọ̀pọ̀ ìtàn tí mo gbọ́, ó tán.

Ilẹ̀ ti ṣú nígbà tá a dé Magdala. Ibí yìí lọ̀rọ̀ wà, torí ti ibí yìí kì í ṣe wọ́n-ní wọ́n-pé.

Alẹ́ Sọ́ńdè Àjíǹde, ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹrin 1955, Ruth Ellis dúró síta pọ́ọ̀bù yìí pẹ̀lú ìbọn nínú báàgì. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni, ó ti ṣe máníjà ilé ijó, ó ní ọmọ méjì. David Blakely tó ń dúró dè jẹ́ ẹni ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ọmọ olówó tó ń fi mọ́tò sáré ìje. Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì jẹ́ ìjà òní, ìparí ìjà ọ̀la, òun náà ní ẹlòmíì, obìnrin náà ní ẹlòmíì, àmọ́ wọn ò lè fi ara wọn sílẹ̀. Blakely máa ń lù ú. Lọ́dún yẹn kan náà ó gbá a ní ẹ̀ṣẹ́ níkùn, oyún sì bà jẹ́ lára ẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Àjíǹde yẹn Blakely sá sọ́dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ní Tanza Road tí kò jìnnà síbẹ̀, Ruth ń pe fóònù, wọn ò gbé e fún un, ó lọ dúró síwájú ilé, wọ́n pe ọlọ́pàá sí i. Nígbà tí Blakely wá ra ọtí ní Magdala tó ń jáde, Ruth pè é, kò dá a lóhùn. Ó yìnbọn lẹ́ẹ̀mẹfà. Ọta kan fò lọ ba àtàǹpàkò obìnrin kan tó ń kọjá lọ. Kò sá. Ọlọ́pàá kan tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́ wà nínú pọ́ọ̀bù, ìyẹn ló gba ìbọn lọ́wọ́ ẹ̀.

Wọ́n gbé e dé kóòtù ní oṣù kẹfà, ẹjọ́ ò ju ọjọ́ méjì lọ. Agbẹjọ́rò ìjọba bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo, pé kí ló ní lọ́kàn nígbà tó ń yìnbọn. Ó ní ó hàn gbangba pé òun fẹ́ pa á ni. Àwọn ìgbìmọ̀ tó ń gbẹ́jọ́ ò lo ìdajì wákàtí. Nǹkan bí ẹgbàá lọ́nà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n èèyàn, 50,000, fọwọ́ sí ìwé pé kí ìjọba dá ẹ̀mí ẹ̀ sí, ìjọba kọ̀. Ọjọ́ kẹtàlá oṣù keje 1955 ni wọ́n so ó kọ́ ní ẹ̀wọ̀n Holloway. Òun lobìnrin tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pa gbẹ̀yìn lábẹ́ òfin.

Àwọn ihò kan wà lára ògiri ìta Magdala tí wọ́n máa ń fi han àlejò pé ọta ìbọn Ruth ló lu wọ́n, àwọn mìíràn ní irọ́ ni, pé ẹnì kan tó ń bójú tó ilé ọtí náà ló lu wọ́n nígbà tó yá kí àwọn èèyàn lè rí nǹkan wò. Èyí ọ̀hún bí mi nínú. Ikú èèyàn méjì tó ṣẹlẹ̀ ní gbangba, ọmọ méjì di aláìníyàá, ó tún wá ku ihò tẹ́nì kan á fi ìka bọ̀ tá á máa ya fọ́tò.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Òun náà ńkọ́, ṣé ó máa ń fara hàn níbí?"

Mo ní àwọn kan á sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, torí wọn ò ní ṣàì sọ ọ́.

Ó mi orí. Ó ní, "Tó bá jẹ́ tiwa ni, kò lè dúró síwájú ilé ọtí yìí láé. Á ti bá tiẹ̀ lọ. Á ti wà ní ìlú kan tí wọn ò ti ka ìwé ìròyìn òyìnbó, á ti ṣí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á máa pè é ní ìyá lágbájá." Ó sọ ọ́ bí ẹni ń ṣàdúrà fún un.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀ yẹ kí àwọn tó ń mú èèyàn kiri máa sọ ọ́ dípò iná tó ń mì. Ní 1957 wọ́n yí òfin ìpànìyàn padà, wọ́n gbà pé ẹni tí ọpọlọ ẹ̀ ti dàrú lórí lè má jẹ̀bi ìpànìyàn gan-an, ọ̀pọ̀ èèyàn sì gbà pé ẹjọ́ Ruth wà lára ohun tó mú un wá. Ní 1965 wọ́n dáwọ́ síso èèyàn kọ́ dúró fún ẹ̀ṣẹ̀ ìpànìyàn. Àmọ́ ọmọ ẹ̀ ọkùnrin fọwọ́ ara ẹ̀ para ẹ̀ ní 1982. Ní 2003 àwọn ẹbí ẹ̀ tún gbé ẹjọ́ náà lọ sí kóòtù kòtẹ́milọ́rùn, pé kí wọ́n sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ tó kéré sí ìpànìyàn, àwọn adájọ́ ní rárá, pé òfin ọdún 1955 ni wọ́n fi máa wò ó, kò sì sí ohun tí wọ́n ṣe ṣì nínú ẹ̀. Lójú tèmi, obìnrin tí wọ́n lù títí oyún fi wálẹ̀ lára ẹ̀ lọ́dún tó yìnbọn, kò sí òfin tó yẹ kó wo ìyẹn kọjá. Mi ò sọ pé Blakely yẹ ní pípa o, ọmọ ọlọ́mọ lòun náà. Mo ń sọ pé okùn yẹn ò yẹ ọrùn Ruth.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ rin ọ̀nà yìí, ẹ tètè jáde, nítorí Kenwood kì í ṣí dalẹ́, inú Heath sì máa ń ṣókùnkùn birimù tí oòrùn bá ti wọ̀, kò sí iná níbẹ̀. Ẹ wọ bàtà tó lè tẹ ẹrẹ̀. Ọmọdé lè bá yín dé Kenwood àti Spaniards, inú ọgbà ibẹ̀ tóbi, àmọ́ ìtàn Magdala kì í ṣe tọmọdé. Níbẹ̀ ẹ ò ní pẹ́ rí tíréènì, stéṣàn Hampstead Heath wà nísàlẹ̀ òpópónà náà, ibẹ̀ làwa náà gbà délé.